Odò Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹrẹ̀: báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ara odò yá?

Bí ẹ bá dúró létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, omi tí ẹ sábà máa rí lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Àwọn tó dàgbà sí àdúgbò náà á sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà èwe àwọn, pé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn èèyàn a máa rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ṣe ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ẹnì kan á ní odò ti kú. Ẹlòmíràn á ní wọ́n ti yẹ omi náà wò, kò sí májèlé kankan níbẹ̀. Ẹni kẹta á ní òun rí ẹja níbẹ̀ lánàá, kí ni wọ́n wá ń pariwo sí?

Àríyànjiyàn yìí ń dùn mí, torí odò tí a ń sọ kì í ṣe ti Òṣogbo nìkan. Láti apá Ìgèdè ní Èkìtì ló ti ṣẹ̀ wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó tún ṣàn lọ sí adágún tí wọ́n sé sí Aṣéjíire, níbi tí Ìbàdàn ti ń rí omi ẹ̀rọ, kó tó já sí ọ̀sà Lẹ́kí. Mélòó nínú wa ni kò mu nínú rẹ̀ rí, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀?

Àwọn tó ń jiyàn kò purọ́. Ìbéèrè tí kálukú wọn ń dáhùn ló yàtọ̀ síra.

Kí ni ìlera odò túmọ̀ sí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀. Èkíní: ṣé omi yìí ṣe é mu? Èkejì: ṣé ara odò yìí yá? Píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá ṣe é mu, àmọ́ kò sí ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Odò kan sì lè wà nínú igbó kìjikìji, kí ẹja àti akàn máa yọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí omi rẹ̀ fún ọmọ ní ìgbẹ́ gbuuru, torí pé ẹran ìgbẹ́ ń yàgbẹ́ sí i. Kódà, kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń jẹ èèyàn létí odò, tó ń kó àrùn tí ń fọ́ ojú ranni, omi tó ń sáré dáadáa lórí òkúta, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ló fẹ́ràn láti pamọ sí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ara odò yá, ẹ má tìtorí ẹ̀ bu omi rẹ̀ mu láìsè é.

Odò tí ara rẹ̀ yá ni èyí tí omi rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀, bèbè rẹ̀ àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ṣì rí bí irú odò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí níbi tí èèyàn kò tíì bà á jẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kò ní fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ kó sọ pé ó ti tán. Ó máa wo ojú, ó máa wọn ìfúnpá, ó máa gba ẹ̀jẹ̀, ó sì máa béèrè ohun tí aláìsàn jẹ lánàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti odò.

Ṣé àwọ̀ omi tó ẹ̀rí?

Àwọ̀ ń sọ nǹkan, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo rẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, kò sí odò tí kò ní pọ́n, torí àgbàrá ń wọ́ erùpẹ̀ wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, omi á sì tòrò. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tó yẹ kó kọ wá lóminú ni odò tó ń pọ́n ní àárín ọyẹ́, nígbà tí òjò kò ti rọ̀ fún oṣù kan. Níbo ni erùpẹ̀ náà ti ń wá nígbà tí àgbàrá kò sí? Ẹnì kan ló ń gbẹ́ ilẹ̀ tàbí tó ń fọ erùpẹ̀ sínú omi lókè lọ́hùn-ún. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń wa wúrà máa ń da omi sí erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á mú wúrà, omi ẹrẹ̀ á sì padà sínú odò.

Ẹrẹ̀ nìkan, láìní májèlé kankan nínú, tó láti pa odò. Ó ń dí oòrùn lójú, kí ewéko inú omi má lè dàgbà. Ó ń dí ìjàgbọ̀n ẹja, ìyẹn ibi tí ẹja fi ń mí. Ohun tó burú jù níbẹ̀ kò hàn sójú: ó ń kún àlàfo tó wà láàárín òkúta ìsàlẹ̀. Àlàfo yẹn ni yàrá, ilé ìdáná àti ilé ìgbẹ̀bí fún àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú odò. Ẹ fojú inú wo àdúgbò kan tí wọ́n da iyanrìn kún gbogbo yàrá ibẹ̀ dé àjà. Ilé ṣì wà lóòró, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé e?

Omi tó mọ́ gaara náà sì lè jẹ́ òkú omi. Níbi tí omi kíkan bá ti ń sun jáde láti inú kòtò ìwakùsà tí wọ́n pa tì, odò lè mọ́ débi pé ẹ máa ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ pé kò sí ohun alààyè kan níbẹ̀ tó lè rú u.

Kí ni ẹja ń mí?

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tí wọ́n ń pè ní ọ́síjìn, wà nínú omi pẹ̀lú, àmọ́ ó kéré gan-an. Lítà kan afẹ́fẹ́ ìta ní ju mílígíráàmù 250 ọ́síjìn lọ. Lítà kan omi odò tó dára ní nǹkan bíi 7 tàbí 8 péré. Gbogbo ẹ̀dá inú odò ló ń pín ìwọ̀nba yẹn. Bó bá wálẹ̀ sí 5, ọ̀pọ̀ ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í nira. Bó bá kéré sí 2, púpọ̀ wọn á kú. Bí omi ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù, ìdí nìyẹn tí igi etí bèbè fi ṣe pàtàkì: ibòòji rẹ̀ ló ń jẹ́ kí omi tutù.

Kí ló ń jẹ ọ́síjìn run? Ìdọ̀tí tó ń jẹrà ni: ìgbẹ́, omi ilé ìpẹran, pàǹtírí ọjà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí náà ń mí bí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n sì ń bá ẹja du ọ́síjìn. Ajílẹ̀ oko àti omi ọṣẹ tún ń bọ́ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lórí òkúta. Lójú ọ̀sán, ewé yìí ń tú ọ́síjìn sínú omi, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó ń lọ déédéé. Lóru, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí in. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ẹja máa ń yọ ẹnu sókè omi, tí ẹni tó bá fi agogo 2 ọ̀sán wọn ọ́síjìn á sì búra pé kò sí wàhálà. Àwọn tó ń sin ẹja ní adágún mọ ohun tí mò ń sọ dáadáa.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun rí ẹja. Irú ẹja wo ni? Bó bá jẹ́ àrọ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lórí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ ìta, òun ló jẹ́ kó lè wà láàyè nínú ọpọ́n ẹlẹ́ja láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú omi díẹ̀. Àrọ̀ lè gbé inú àbàtà tí ẹja mìíràn kò lè gbé. Odò tó bá ṣẹ́ ku àrọ̀ nìkan nínú rẹ̀ ń ráhùn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá kòkòrò?

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìgò omi tí wọ́n bù lọ sí láàbù máa ń sọ bí odò ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bù ú. Bí ẹnì kan bá da májèlé sí odò lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ wá bu omi lọ́jọ́ Ẹtì, májèlé ti ṣàn lọ. Kòkòrò ìsàlẹ̀ odò kò ráyè lọ. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, òmíràn ju ọdún kan lọ. Gbogbo ohun tó ti kọjá lórí odò ló kọjá lórí rẹ̀. Bó bá ṣì wà láàyè, ó ní ẹ̀rí. Bó bá ti pòórá, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí odò kékeré kan lẹ́yìn oko bàbá wa. Ajọ̀ kan àti abọ́ funfun kan la mú dání. Mo ní kó di ajọ̀ mú kó ko ojú rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, èmi wá dúró lókè rẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ rú òkúta fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun tó tú kúrò lára òkúta ni omi gbé wọ inú ajọ̀. A dà á sínú abọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ewé jíjẹrà àti iyanrìn nìkan la rí. A dúró díẹ̀. Lójijì ọmọ náà kígbe pé, "Àǹtí, ẹ wò ó, òkúta ń rìn!"

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ kòkòrò kan ni, tó fi itọ́ rẹ̀ so hóró iyanrìn pọ̀ di ilé roboto bí ìdajì èékánná, tó yọ orí àti ẹsẹ̀ mẹ́fà síta, tó sì ń wọ́ ilé náà kiri. Lẹ́bàá rẹ̀ ni òmíràn wà, ó pẹlẹbẹ, ìrù mẹ́ta tín-ín-rín ló ní, ohun kan bí ìyẹ́ sì ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ láìdúró. Ìyẹ́ yẹn ló fi ń mí. Ẹ̀dá tí ibi ìmí rẹ̀ wà ní ìta báyìí, ẹrẹ̀ díẹ̀ ti tó láti dí i. Akàn kan wà níbẹ̀, ìṣáwùrú méjì, àti ọmọ lámilámi tó lanu bí ọdẹ. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé inú omi ni lámilámi ti ń dàgbà kó tó hu ìyẹ́ tó fò.

Ní odò tó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, ohun tó máa wọ ajọ̀ yàtọ̀. Ìdin pupa wínníwínní ló máa pọ̀ jù, tó ń lọ́ bí okùn. Ẹ̀jẹ̀ ló pọ́n ọn bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń há ọ́síjìn mọ́ra níbi tí kò ti tó nǹkan, bíi tiwa. Ẹ tún lè rí ìdin kan tó ní ìrù gígùn, tó na ìrù náà sókè omi tó ń fi í mí. Wọn kì í ṣe ẹ̀dá burúkú, wọ́n sì máa ń wà díẹ̀díẹ̀ nínú odò tó dára náà. Ohun tí à ń wò ni bóyá àwọn nìkan ló kù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di nọ́ńbà?

Ọgbọ́n kíka kòkòrò yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn onímọ̀ Jámánì méjì, Kolkwitz àti Marsson, wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní South Africa, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe, wọ́n pè é ní miniSASS. Ọ̀wọ́ kòkòrò 13 ni wọ́n pín in sí, wọ́n sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Èyí tí kò lè fara da ìdọ̀tí ló ń gba máàkì tó pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ká sọ pé a rí ọmọ lámilámi, máàkì 6. Akàn, 6. Ìgbín omi, 4. Ekòló omi, 2. Àpapọ̀ jẹ́ 18, a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ó jẹ́ 4.5. Ìyẹn kéré. Ká wá sọ pé a tún rí méjì sí i, kòkòrò onírù mẹ́ta tó pẹlẹbẹ tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 11, àti èyí tó ń gbé ilé iyanrìn kiri tí tirẹ̀ jẹ́ 9. Àpapọ̀ di 38, ọ̀wọ́ di mẹ́fà, ìpín rẹ̀ fò sókè dé 6.3. Ẹ kíyè sí i pé iye kòkòrò tó wà nínú abọ́ kò kàn wọ́n. Ẹgbẹ̀rún ìdin pupa kò lè gbé máàkì sókè, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ẹlẹgẹ́ wọ̀nyí lè gbé e.

A ní láti ṣọ́ra ṣá. South Africa ni wọ́n ṣe máàkì yẹn fún, kì í ṣe fún odò tiwa. Odò oníyanrìn kò sì ní ẹ̀dá kan náà pẹ̀lú odò olókùúta, bó ti wù kó mọ́ tó. Ohun tó dáa jù ni pé kí a fi odò wé ara rẹ̀: òkè ibi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú ajọ̀ kan náà. Bí òkè bá ní ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án, tí ìsàlẹ̀ ní mẹ́ta, kò sí agbẹjọ́rò tó lè fi ẹnu dá ìyẹn nù.

Kí ló dé tí àyẹ̀wò méjì fi ń ta ko ara wọn?

Kòkòrò lè sọ pé olè wọlé, kò lè sọ orúkọ olè. Láàbù ló ń ṣe ìyẹn. Ọ̀rọ̀ òjé àti mẹ́kúrì wá dé nìyẹn, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ Òṣogbo ti le jù.

Mẹ́kúrì ni irin olómi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ wa wúrà káàkiri ayé ń lò, torí ó máa ń gbá hóró wúrà mọ́ra. Ohun tó bá jò dànù nínú rẹ̀, inú odò ló ń lọ. Òjé ní tirẹ̀ lè wà nínú òkúta tí wúrà wà. Ní Zamfara ní ọdún 2010, eruku òjé láti inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400.

Irin wọ̀nyí kì í sábà léfòó nínú omi. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Bí onímọ̀ kan bá bu omi, tó sẹ́ ẹ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti yọ ẹrẹ̀ kúrò, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ irin kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Èsì rẹ̀ á ní omi dára. Ẹlòmíràn tó yẹ omi kan náà wò pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀ á rí nǹkan tó pọ̀. Àwọn méjèèjì ò parọ́. Ìgbà tí wọ́n bù ú, ibi tí wọ́n ti bù ú, bóyá òjò rọ̀ lánàá, gbogbo rẹ̀ ló ń yí èsì padà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ èsì lórí rédíò, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé wọ́n sẹ́ omi náà? Ṣé wọ́n yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ wò? Ṣé wọ́n yẹ ẹran ara ẹja wò?

Ti ẹja yẹn ṣe pàtàkì. Nínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ mẹ́kúrì di irú kan tó ń wọ ara tí kì í sì tètè jáde. Kòkòrò á jẹ ẹ́, ẹja kékeré á jẹ ọgọ́rùn-ún kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ọgọ́rùn-ún ẹja kékeré, gbèsè náà á máa pọ̀ sí i. Ní Minamata ní Japan, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń da mẹ́kúrì sínú òkun, ológbò tó ń jẹ ẹja ló kọ́kọ́ ń ta gìrì, kí wọ́n tó dá àrùn náà mọ̀ lára èèyàn ní ọdún 1956. Ní ti òjé, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún omi mímu jẹ́ mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan. Kò sí ojú tó lè rí i, kò sì ní adùn tàbí òórùn tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Igbó ṣì wà níbẹ̀, kí ló dé tí omi pọ́n?

Igbó Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Igi ibẹ̀ ṣì dúró, wọn kì í pẹja níbẹ̀, ibòòji ṣì ń bo omi. Bí ẹ bá wo bèbè nìkan, máàkì rẹ̀ á ga. Àmọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá dà sí odò lókè ní láti gba iwájú ojúbọ kọjá. Arúgbá ń gbé igbá wá sétí omi tí wọ́n ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé ojúbọ kò lè dá omi dúró, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Òṣogbo nìkan kò lè sọ ibi tí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó pọn dandan kí wọ́n gun odò náà lọ sókè, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ojú ibi tí odò kéékèèké ti ń wọ inú rẹ̀, títí wọ́n á fi dé ibi tí omi ti mọ́.

Ṣé odò lè gbádùn?

Ó lè gbádùn, bí wọ́n bá dẹ́kun dída ẹrẹ̀ sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìpele ni. Àwọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan tí wọn kò fọ erùpẹ̀ sínú rẹ̀ lè tó kí omi tòrò. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e á máa fọ àlàfo àárín òkúta díẹ̀díẹ̀. Àwọn kòkòrò á wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà, torí bí wọ́n bá dàgbà tán wọ́n máa ń hu ìyẹ́, wọ́n sì lè fò láti odò kékeré tó ṣì mọ́ nítòsí wá yé ẹyin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan àwọn odò kéékèèké tó kù. Ibẹ̀ ni irúgbìn wà. Akàn àti ìgbín, tí kò lè fò, á pẹ́ kí wọ́n tó dé. Mẹ́kúrì inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ni yóò gbẹ́yìn, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Odò lè tòrò, kí lámilámi máa fò lórí rẹ̀, kí ẹja ńlá inú rẹ̀ má sì tíì ṣe é jẹ.